Ìdí tí géètì fi ń dógùn-ún níbi tí òjò kì í nà

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, lápá Arówómólé. Oṣù kejìlá ọdún tó kọjá ni wẹ́dà bá mi ṣe géètì tuntun. Páìpù onígun mẹ́rin àti irin pẹlẹbẹ ló fi ṣe é. Ó kun red oxide, ọ̀dà pupa tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn sára irin, sí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ọ̀dà dúdú lé e. Òjò ọdún kan péré ló tíì rí, ó ti ń dógùn-ún. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àárín rẹ̀ tí òjò ń nà tààrà ṣì ń dán. Ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn híńjì àti ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ni ọ̀dà ti ń wú, tó sì ń pọ́n. Wẹ́dà ní omi òjò ló fà á, aládùúgbò mi ní irin náà ni kò dáa. Kí ni ìpáàrà yìí gan-an, kí sì ni kí n ṣe sí i?"

Ìdáhùn: Ẹ ti fi ojú ara yín rí ìdáhùn náà kí ẹ tó bèèrè. Bó bá jẹ́ pé òjò ló ń jẹ irin, àárín géètì tí òjò ń nà ni ì bá kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ibi kọ́lọ́fín ló ń lọ: ẹ̀yìn híńjì, ìsàlẹ̀ páìpù, àárín irin méjì tí wọ́n gbé lé ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú, torí òun ni gbogbo àlàyé mi rọ̀ mọ́: níbi tí omi bá ti dúró, tí afẹ́fẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ráyè dé, ibẹ̀ ni irin ti ń kú. Kì í ṣe pé omi òjò kò mọwọ́ mẹsẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́. Irin tí aládùúgbò yín ń bú, kò jọ pé ẹ̀bi tirẹ̀ ni.

Ìpáàrà kì í ṣe ìdọ̀tí tó ti ìta wá bà lé irin. Irin náà fúnra rẹ̀ ni, tó ti gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tó sì gba omi díẹ̀ mọ́ ọn. Bí irin 70 gíráàmù bá dógùn-ún tán pátápátá, ọ́síjìn tó máa gbà sára á tó 30 gíráàmù, ká má tíì ka omi. Ìyẹn ni pé ìpáàrà wúwo ju irin tó ti wá lọ. Ilẹ̀ pupa tí ẹ ń rí bí ẹ bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́, irú èròjà kan náà ló pa á láró. Àwọn baba wa tó ń yọ irin láti inú òkúta láyé àtijọ́, iná èédú ni wọ́n fi ń gba ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀: èédú á gba ọ́síjìn, irin á ṣẹ́kù. Iná ńlá ni wọ́n ń dá kí ìyẹn tó ṣeé ṣe. Láti ìgbà tí irin bá ti kúrò nínú iná yẹn ló ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà padà síbi tó ti wá. Géètì yín ń wá bí yóò ṣe padà di ilẹ̀ pupa ni. Nítorí náà, kò sí irin lásán tí kò lè dógùn-ún. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa ni pé ká dí ọ̀nà mọ́ ọn, kó pẹ́ kó tó débẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ rántí bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pá dúdú kan wà láàárín rẹ̀, agolo síǹkì ló yí i ká, nǹkan rírin bí ẹrẹ̀ ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí iná ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni agolo síǹkì ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tó ti kú fi máa ń jò, tó sì ń ba inú tọ́ọ̀ṣì jẹ́. Irin tó ń dógùn-ún, bátìrì ni, àfi pé a kò rí iná rẹ̀ lò. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: ojú irin kan ṣoṣo yẹn ló pín ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjì, omi ló so wọ́n pọ̀ lókè, irin ló so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ kìíní, átọ́ọ̀mù irin, ìyẹn ègé irin tó kéré jù lọ, á ju ẹ̀lẹ́kítíróònù méjì, àwọn ègé wẹ́wẹ́ tó ń gbé iná, sílẹ̀, á sì bọ́ sínú omi. Irin tó bọ́ sómi yìí kò tíì pọ́n, ojú lásán kò sì lè rí i. Àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù á gba inú irin lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí iná ṣe ń gba inú wáyà. Níbẹ̀, ọ́síjìn tó ti yòrò sínú omi á gbà wọ́n, òun àti omi á sì di ohun tí àwọn oníkẹ́místírì ń pè ní hydroxide, tí ìwà rẹ̀ jọ ti omi eérú. Bí irin inú omi bá pàdé hydroxide yìí, wọ́n á di nǹkan kan tó dà bí àwọ̀ ewé tó ṣú. Ọ́síjìn á tún kan èyí náà, á sì di pupa rúsúrúsú tí gbogbo wa mọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀: Fe → Fe²⁺ + 2e⁻ ní ẹ̀gbẹ́ kìíní, O₂ + 2H₂O + 4e⁻ → 4OH⁻ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Fe ni irin, e⁻ ni ẹ̀lẹ́kítíróònù, O₂ ni ọ́síjìn, H₂O ni omi, OH⁻ ni hydroxide.

Ẹ wo ohun tó fara pamọ́ síbẹ̀. Ibi tí irin ti ń jẹ àti ibi tí ọ́síjìn ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ojú kan náà. Ibi tí ọ́síjìn pọ̀ sí, ibẹ̀ ló ń gba ẹ̀lẹ́kítíróònù, ibẹ̀ kì í sì í jẹ. Ibi tí ọ́síjìn ti wọ́n, òun ló ń fi ara rẹ̀ bọ́ ibi tó pọ̀. Bí kò bá sí ọ́síjìn rárá níbi kankan, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Bí omi kò bá sì sí, kò sí ohun tó máa so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ẹ lè rí i lójú ara yín ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ wá àdá àtijọ́ kan, ẹ fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ títí yóò fi máa dán yinrinyinrin. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí òróró ọwọ́ lè kúrò, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ po iyọ̀ ṣíbí tíì kan mọ́ omi ife kan, ẹ wá kán ẹ̀kán kan péré sójú àdá náà, kó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò. Ẹ fi ife dé e kí omi náà má baà gbẹ, kí ẹ sì fi igi ìṣáná kan há ẹnu ife náà kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Níbẹ̀rẹ̀, àmì pupa wẹ́wẹ́ lè fọ́n káàkiri inú omi náà. Tó bá di wákàtí bíi mélòó kan, wọ́n á gbá jọ di òrùka. Òrùka náà kì í sí létí ẹ̀kán, kì í sì í sí láàárín gan-an: agbedeméjì ló máa ń wà.

Ẹ wá nù ún kúrò, kí ẹ gbé àdá náà síbi ìmọ́lẹ̀. Etí ẹ̀kán, níbi tí omi ti fẹ́lẹ́ tí ọ́síjìn sì ń wọlé fàlàlà, ṣì ń dán bíi ti tẹ́lẹ̀. Àárín, níbi tí omi ti jìn jù, ti ṣú, ó ti ń ní kòtò wẹ́wẹ́ bí ojú tí ṣọ̀pọ̀ná bà jẹ́. Irin ń bọ́ láàárín, hydroxide ń jáde létí, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé lọ́nà ni ìpáàrà ti jókòó. Ulick Evans, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cambridge, ló fi irú ẹ̀kán omi iyọ̀ báyìí tú àdììtú náà ní àwọn ọdún 1920, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ẹ̀kán náà títí dòní. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún onígéètì ni pé ibi tí ẹ ti rí pupa lè má jẹ́ ibi tí irin ti ń sọnù gan-an. Pupa tó ń ṣàn jáde lójú ibi tí wọ́n jó, inú lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀.

Ẹ gbé ẹ̀kán omi yẹn lọ sára géètì yín báyìí. Omi tó há sáàárín irin pẹlẹbẹ àti páìpù tí wọ́n gbé e lé, àárín ẹ̀kán nìyẹn. Ojú géètì tó wà ní gbangba létí ibẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, etí ẹ̀kán nìyẹn. Òjò tó nà àárín géètì á ṣàn sílẹ̀, oòrùn á gbẹ ẹ́ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Èyí tó wọ ẹ̀yìn híńjì lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Kí ló wá dé tí ọ̀dà fi ń wú? Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ìpáàrà fẹ̀ ju irin lọ. Irin tó gba àyè kan, bó bá dógùn-ún tán, á gba ìlọ́po 2 sí 6 àyè yẹn, ó sinmi lórí bí omi tó gbà mọ́ra ṣe pọ̀ tó. Agbára yìí kan náà ló ń la kọnkéré tí ọ̀pá irin wà nínú rẹ̀, ká tó wá sọ ti ọ̀dà. Ìkejì ni hydroxide tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ pé omi eérú àti àdín ni wọ́n ń sè pọ̀, tí òróró fi ń di ọṣẹ. Epo ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń kun géètì. Hydroxide tó ń jáde lábẹ́ ọ̀dà náà ń sọ epo yẹn di ọṣẹ, ọwọ́ tí ọ̀dà fi di irin mú á sì tú. Ọ̀dà tó ti ṣí báyìí á wá di kọ́lọ́fín mìíràn tí omi ń wọ̀, tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ìdí nìyẹn tí ìpáàrà fi ń rìn lábẹ́ ọ̀dà láti ojú ihò kékeré kan, tí ẹ̀yin tí ẹ wà níta á sì rò pé ọ̀dà ṣì dára. Ìdí nìyẹn náà tí kíkun ọ̀dà lé ìpáàrà lórí fi jẹ́ fífi owó ṣòfò.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé ìpáàrà kò rí bí awọ tó ń bo alumíníọ̀mù. Alumíníọ̀mù náà ń gba ọ́síjìn mọ́ra, àmọ́ awọ rẹ̀ máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́, ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ọ́síjìn tó kù. Ìpáàrà ní tirẹ̀ rí fúlẹ́fúlẹ́ bí àkàrà, ó ń ṣí, ó tún ń fa omi mọ́ra.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń tì í lẹ́yìn. Iyọ̀ ni olórí wọn. Kì í ṣe pé iyọ̀ ń jẹ irin fúnra rẹ̀: ó ń mú kí omi gbé iná kọjá dáadáa, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi lè jìnnà síra kí iṣẹ́ má sì dúró. Ìdí nìyẹn tí géètì etí òkun l'Ékòó fi ń tètè lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí òkun ní ohun tó lé ní 150 kìlómítà, nítorí náà kì í ṣe atẹ́gùn ló ń gbé iyọ̀ wá bá wa. Ìtọ̀ ni. Ajá tó ń tọ̀ sí ẹsẹ̀ géètì, ọkùnrin tó ń tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lálẹ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i. Òógùn ọwọ́ náà níyọ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń di géètì mú ṣí i. Ohun kíkan náà burú: omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan lè gba ẹ̀lẹ́kítíróònù lọ́wọ́ irin láìdúró de ọ́síjìn, ìdí nìyẹn tí irin tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́ nílé gàárì kì í fi pẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ tó bá gbá jọ sí ìsàlẹ̀ géètì náà ń di omi mú mọ́ ọn lára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ti oṣù kejìlá tí wọ́n ṣe é náà ní ìtumọ̀. Irin tó mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dógùn-ún bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kò bá tó nǹkan bí 60 nínú 100. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ wa máa ń gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sàn-án. Bó ti wù kí iṣẹ́ náà kù díẹ̀ káàtó tó, ẹ kò lè rí àbùkù rẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Irin dúdú tuntun máa ń ní awọ kan tó ṣú bíi búlúù, tó ń dán. Ilé iṣẹ́ tó fi iná tẹ irin náà ló fi awọ yẹn sílẹ̀ lára rẹ̀. Awọ náà kì í jẹ, àmọ́ ó máa ń sán. Níbi tó bá ti sán, irin abẹ́ rẹ̀ á di ẹ̀gbẹ́ tó ń jẹ, gbogbo awọ tó yí i ká á di ẹ̀gbẹ́ tó ń gbà. Ojú kékeré wá ń ru ẹrù ojú ńlá, kòtò rẹ̀ sì ń yára jìn. Ọ̀dà tó bá gun orí awọ yẹn, ọjọ́ tí awọ bá ṣí ni òun náà ń ṣí. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà gbà pé irin tuntun kò nílò kí wọ́n ha á. Àṣìṣe ńlá ni.

Lójú ibi tí wọ́n jó, èépá bíi dígí dúdú máa ń bo ojú rẹ̀. Wọ́n á fi òòlù kàn án kúrò, ṣùgbọ́n èyí tó há sí kọ̀rọ̀ máa ń kù, ọ̀dà kì í sì í di mọ́ ọn. Èyí tó tún burú ni pé wọn kì í jó irin pẹlẹbẹ mọ́ páìpù yípo. Wọ́n á jó ínǹṣì kan, wọ́n á fo ínǹṣì mẹ́fà. Ihò tó ṣẹ́kù láàárín kò gba búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó gba omi. Páìpù tí wọ́n dí lẹ́nu náà máa ń mí. Oòrùn ọ̀sán á mú un gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, á gba ihò abẹ́rẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó jáde. Bí òjò bá rọ̀ lé e lójijì, afẹ́fẹ́ inú á sún kì, páìpù á fa omi tó wà lójú ihò náà wọlé. Kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Inú ni irú páìpù bẹ́ẹ̀ ti ń jẹ wá síta.

Red oxide ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Ọwọ́ ọ̀dà kan, bó bá gbẹ tán, kì í nípọn tó fọ́nrán irun orí kan, búrọ́ọ̀ṣì sì máa ń fo ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ kejì ló ń dí ihò ọwọ́ kìíní. Red oxide fúnra rẹ̀ kì í dí omi lọ́nà tán, ọ̀dà dídán tó ń gun orí rẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn. Géètì tí wọ́n kun red oxide tí wọ́n wá fi sílẹ̀ fún oṣù kan kí owó ọ̀dà tó délẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe rèé. Ẹ wá ọjọ́ mẹ́ta tí òjò kò ní rọ̀. Bí ẹ bá lè dúró di oṣù kọkànlá, ó dára jù, àfi kí ẹ rántí nu eruku ọyẹ́ kúrò kí ọwọ́ ọ̀dà kọ̀ọ̀kan tó gun un. Ẹ fi òòlù kékeré kan gbogbo ibi tó wú, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà tó ti ṣí títí ẹ ó fi débi tó ti di irin mú ṣinṣin. Ẹ má dúró síbi tí pupa parí, ẹ kọjá rẹ̀ ní ínǹṣì méjì. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ló kàn, lẹ́yìn náà sáńpépà oníhóró ńlá, 60 tàbí 80, títí irin yóò fi funfun. Níbi tí awọ dúdú tó ń dán bá ti ṣì wà, ẹ ní kí wẹ́dà fi gíráńdà kọjá lórí rẹ̀. Kó wọ awò ojú o.

Kí ẹ tó kun ohunkóhun, ẹ ní kó jó gbogbo ihò tó fò pa. Èyí tí kò bá ṣeé jó, ẹ fi gọ́ọ̀mù tí kì í gba omi dí i lẹ́yìn tí red oxide àkọ́kọ́ bá gbẹ. Kó wá fi dírílì lu ihò mílímítà 6 sí 8 sí ìsàlẹ̀ páìpù kọ̀ọ̀kan, ní ojú tó kọ sí ilẹ̀, níbi tó rẹlẹ̀ jù. Ihò yìí ṣe pàtàkì ju ọ̀dà tó wọ́n jù lọ lọ́jà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ń ba ẹwà géètì jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó fi omi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí iyọ̀ ìtọ̀. Ẹ fi aṣọ nù ún, kí oòrùn gbẹ ẹ́. Irin tó ti funfun kò gbọdọ̀ sun ìta mọ́jú, ìrì òru kan tó láti mú kó pọ́n. Ọjọ́ yẹn gan-an ni red oxide àkọ́kọ́ gbọdọ̀ gun un. Kíkùn dára láti aago 9 àárọ̀ tí ìrì ti gbẹ. Bí irin bá ti gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, torí ọ̀dà á hó lójú rẹ̀. Ẹ má kùn ún kọjá aago 4 ìrọ̀lẹ́.

Ní ti iye ọ̀dà, géètì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tojú tẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sukuéà mítà 16. Lítà kan ń kun nǹkan bí sukuéà mítà 10. Ọwọ́ kan á gba bíi lítà 1.6, ọwọ́ méjì á gba lítà 3.2. Gálọ́ọ̀nù onílítà 4 kan fún red oxide, òmíràn fún ọ̀dà òkè. Bí oníṣẹ́ bá ní lítà 1 tó gbogbo géètì náà ní ọwọ́ méjì, ẹ mọ̀ pé bẹntiróòlù ló fẹ́ fi sọ ọ́ di púpọ̀. Tínà tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀dà lọ ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun etí, kọ̀rọ̀ àti ojú ibi tí wọ́n jó kí ẹ tó kun gbogbo ara, torí ọ̀dà máa ń sá kúrò létí tó mú. Red oxide ọwọ́ méjì, kí wákàtí 24 wà láàárín wọn, ọ̀dà dídán ọwọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Níbi tí kòtò ìpáàrà ti jìn tí sáńpépà kò dé ìdí rẹ̀, oògùn tó ń sọ ìpáàrà di dúdú wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò. Phosphoric acid tàbí tannic acid ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ ìpáàrà di ohun mìíràn tí ọ̀dà lè di mú. Ó dára, ṣùgbọ́n orí ìpáàrà fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ irin ló ti ń ṣiṣẹ́, kò lè ran èyí tó ti ṣí lọ́wọ́. Omi bátìrì mọ́tò tí àwọn kan ń dà sí irin ni kí ẹ sá fún. Ó ń jẹ irin tó dára pẹ̀lú ìpáàrà, ohun tó sì fi sílẹ̀ nínú kòtò náà á tún máa pe omi padà, ká má tíì sọ ohun tó lè ṣe fún ojú àti awọ ara. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi bọ́dì fílà, ohun tí wọ́n fi ń dí kòtò ara mọ́tò, tẹ́ ojú ìpáàrà. Kọ́lọ́fín tuntun ni wọ́n ń kọ́ yẹn.

Òpó géètì tí wọ́n fi kọnkéré gbìn ńkọ́? Irin tó wà nínú kọnkéré tó le dáadáa kì í tètè dógùn-ún, torí omi inú sìmẹ́ǹtì dà bí omi eérú tó le gan-an, ó sì ń mú kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dáàbò bo irin. Ẹ da sìmẹ́ǹtì ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi, ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ da omi orí rẹ̀ sínú ìgò, ẹ ju ìṣó tó mọ́ sí i, kí ẹ dé e. Ẹ fi òmíràn sínú omi lásán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ti omi lásán á ti pọ́n, ti omi sìmẹ́ǹtì á ṣì máa dán. Ibi tí òpó ti jáde kúrò nínú kọnkéré ló ń jẹ, bí ojú kọnkéré náà bá jìn tí omi ń dúró sí i. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì gbé e ga yí òpó náà ká, kó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sílẹ̀ kí omi lè máa sá kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe géètì mìíràn lọ́jọ́ iwájú, páìpù tí wọ́n ti rì sínú síǹkì yíyọ́, tó gbóná tó nǹkan bí 450°C, ni kí ẹ béèrè. Síǹkì yá láti ju ẹ̀lẹ́kítíróònù sílẹ̀ ju irin lọ, bíi ti agolo bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n tilẹ̀ fi nǹkan ha á dé irin, síǹkì tó wà nítòsí ló máa jẹ dípò irin. Ohun tó ń ṣọ́ páànù orí ilé wa nìyẹn. Páànù àwọn ilé àtijọ́ tó ti pọ́n káàkiri ìgboro, síǹkì tiwọn ló ti tán. Àmọ́ iná wẹ́dà ń jó síǹkì náà kúrò, èéfín funfun rẹ̀ sì ń fa ibà fún ẹni tó bá fà á símú. Kó ha síǹkì náà kúrò níbi tó fẹ́ jó, kó jó o ní gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́, kó sì fi ọ̀dà onísíǹkì kun ojú ibẹ̀ padà. Wàrà tí àwọn wẹ́dà kan ń mu kò dí èéfín náà lọ́nà.

Ní ti èyí tó wà nílẹ̀ yìí, lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ sí i, ẹ tẹ̀ba wo àwọn ihò tí wọ́n lu sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí omi tó ń kán jáde bá mọ́, ojú ibi tí wọ́n jó ló ṣì ń gba omi díẹ̀, ẹ wá ibẹ̀ kí ẹ dí i. Bó bá pọ́n bí omi àmọ̀, inú páìpù ti ń jẹ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ní kí wẹ́dà lu ihò kékeré kan sókè páìpù náà, kí ẹ da ìdajì lítà epo ẹ́ńjìnì tuntun sí i díẹ̀díẹ̀ kó lè gbà lára inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹ fi agolo gbe èyí tó bá jò jáde nísàlẹ̀, kí ẹ wá dí ihò òkè. Ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ má dí láéláé.